Ẹni Tó Di Rọ́bà Mú Nísàlẹ̀

Omi inú rọ́bà náà tètè dúró jù. Ìyẹn ló kọ́kọ́ fu Sàká lára.

Ọ̀sán gangan ni, lẹ́yìnkùlé Mummy Damaris ní Ìkòsí, níbi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ bá àbàtà. Ìpìlẹ̀ gáráàjì tí màmá náà fẹ́ máa gbé mọ́tò sí ni Sàká, bíríkìlà wa, ń wọ̀n. Ojú lásán kò tó ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ í wọ̀n, omi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: ẹnì kan á di ẹnu rọ́bà mú lókè, ẹnì kejì á di ẹnu kejì mú nísàlẹ̀, ibi tí omi bá sì dúró sí lẹ́nu méjèèjì ló dọ́gba. Bánjọ àbúrò rẹ̀ ni Sàká rán pé kó lọ dì í mú nísàlẹ̀, lẹ́yìn òkìtì yanrìn. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ni Sàká ti ń tọ́ ọ. Kò ní ẹlòmíì láyé.

Ọwọ́ ọmọ aráyé a máa gbọ̀n, omi a sì jó díẹ̀ kó tó sinmi. Tọ̀tẹ̀ yìí kò mì rárá.

"Bánjọ, ó ti dúró?"

"Ó ti dúró, bọ̀ọ̀dá mi."

Ohùn Bánjọ ni, àmọ́ ó ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú àmù. Sàká ní oòrùn ló ń pa òun. Àfi bí ẹnì kan ṣe fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ gba píọ́ wọ́tà. Mo ní kí n kọ́kọ́ rà á ná, mi ò tíì dé ìsàlẹ̀ rárá."

Bánjọ ni. Orí Sàká wú. Rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ le tantan. Ẹnì kan ń fà á.

"Bánjọ!" Ohùn Sàká fúnra rẹ̀ ló ti ìsàlẹ̀ wá. "Wá bá mi di nǹkan yìí mú."

A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí, pàápàá lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ, ó di ti onípè. Bánjọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kì í dá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lóhùn?

"Mò ń bọ̀, bọ̀ọ̀dá mi!"

Sàká rá a lọ́wọ́ mú. "Má lọ! Èmi kọ́ ni mo pè ẹ́."

"Àkànó ọmọ ìyá mi," ohùn ìsàlẹ̀ fi oríkì Bánjọ pè é pẹ̀lẹ́, "ta ló dì ẹ́ mú yẹn? Mo ṣì wà níbí."

Sàká ya ẹnu láti fèsì, ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́. Ó gbìyànjú títí, èémí lásán ni. Bánjọ wo ojú rẹ̀, kò dá a mọ̀ mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àjèjì, "ẹ fi mí sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ló ń pè mí."

Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìn òkìtì yanrìn.