Irun àti Èékánná Láti Òṣùpá

Ẹ̀rọ kan wà ní Àgọ́ Òṣùpá tí wọ́n ń pè ní Ajẹ̀wé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì máa ń ka ìwé. Nígbà tí omi ya wọ àwọn ilé ìpamọ́ nílé ayé, ìwé àwọn sójà àtijọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹ̀bà àná. Wọ́n kó wọn gòkè wá síbi tí kò sí ọ̀rinrin. Orúkọ nìkan ló ṣì hàn lára èèpo ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú á pe orúkọ kan, Ajẹ̀wé á fi iná tín-ínrín la ojú ewé náà kọjá, á gba ìlà tí orúkọ yẹn wà, ìyókù á di eérú. Àwọn onímọ̀ ní ó sàn ju òfo lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ó ti rẹ Ìbíyẹmí. Ọjọ́ kẹfà rèé tó ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìpamọ́ ìwé yìí, ìyá rẹ̀ sì wà nínú yàrá yìnyín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òfin gbà fún òkú. Tó bá ti pé, wọ́n á yọ́ ọ, omi ara rẹ̀ á sì dara pọ̀ mọ́ omi tí gbogbo Àgọ́ ń mu. Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú omi náà láti ọdún méjìlélógún, iṣẹ́ náà kò sì já a láyà rí. Ṣùgbọ́n kí ìyá rẹ̀ tó kú, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n mu mí."

Òkú tó bá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sáyé gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ agboolé kan ni. Babańlá Ìbíyẹmí ni Búráímọ̀, ọmọ ilé Akínọlá ní Òkehò, tó lọ jagun ní Bọ́mà, tó sì padà wálé wá bímọ. Wọ́n wá orúkọ rẹ̀ títí, wọn ò rí i.

"Màmá, bóyá bàbá yẹn ò lọ ogun rí," ni Ọ̀mọ̀wé Adégbìtẹ́ wí, ọkùnrin tó ń tọ́jú Ajẹ̀wé.

Inú bí Ìbíyẹmí. Ó fi dígí ìpè pe baálé ilé Akínọlá ní Òkehò, Bàbá Láyíwọlá. Ẹ̀rín ló pa bàbá náà.

"Ta ló sọ fún yín pé orúkọ baba ni sójà ń jẹ́ láyé ọjọ́un? Òyìnbó á ní, níbo lo ti wá? Ìlú tó o bá dá lóhùn, òun ni wọ́n á kọ mọ́ orúkọ ẹ títí ogun á fi parí. Ẹ wá Búráímọ̀ Òkehò."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lójú ewé kan tó gba ogójì sójà.

"Àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù ńkọ́?" ni baálé bi Ọ̀mọ̀wé.

"Wọ́n á jóná, Bàbá. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

"Ẹ wá ń pe ìyẹn ní ìmọ̀? Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹnu wa tó láti jẹ́rìí ọmọ wa."

"Òfin ò gba ẹnu, Bàbá. Ìwé ló ń gbà."

Baálé yíjú sí Ìbíyẹmí. "Ọmọ mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ o. Má ṣí ìwé yẹn."

Ó yẹ kó bi í léèrè ìdí. Ó sì yẹ kó bèèrè orúkọ àwọn mọ́kàndínlógójì náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn gígùn. "Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́," ló wí.

Ajẹ̀wé kùn, ó tú èéfín díẹ̀, eérú sì dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo yọ: Búráímọ̀ Òkehò kú létí odò ní Bọ́mà, oṣù kẹta ọdún 1944. Kò níyàwó, kò bímọ. Ẹrù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jímọ̀ Ẹdẹ.

Ọ̀mọ̀wé gbé ìwé ìbí tí Ìbíyẹmí mú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Ọdún 1947 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé Búráímọ̀ bí ọmọ rẹ̀. Òkú kì í bímọ. Ẹ̀rọ kò dúró gba àlàyé; ó tẹ òǹtẹ̀ pupa pé ìran Ìbíyẹmí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Akínọlá.

"A mọ̀," ni baálé wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Jímọ̀ ló gbé irun àti èékánná ọmọ wa wálé, ká lè rí nǹkan sin. Ìyá olóògbé ní ẹni tó wẹ òkú ọmọ òun, tó tún rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lọ mọ́. Wọ́n fún un ní orúkọ ọmọ náà, wọ́n fún un níyàwó. Òun ló bí yín. A ò sọ ọ́ síta rí. Mo rò pé orúkọ tó wà lára èèpo á tó wọn ni. Ìwé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́."

Ìbíyẹmí sunkún níṣojú àwọn méjèèjì, ojú ò tì í.

Bàbá Tàfá ló kàn lórí bẹ́ǹṣì, arúgbó tí egungun rẹ̀ ti rọ̀ débi pé kò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sáyé mọ́ láé. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú yàrá yìnyín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Ìbíyẹmí.

"Ẹ bá mi wá Sùnmọ́nù Ìgànná," ló wí. "Babańlá ìyàwó mi ni."

Ọ̀mọ̀wé wo èèpo ìdì náà, ó wo eérú. "Ojú ewé kan náà ni, Bàbá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán ni."

Arúgbó náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó rọra jókòó padà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ì bá sàn fún Ìbíyẹmí kó gbá a létí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ìbíyẹmí fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ omi fún àwọn òkú méjèèjì. Ó gbìyànjú láti má mu omi. Lọ́jọ́ kejì, ó mu ún.

Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀lé e, ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òkehò. Ayé wúwo lára rẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn. Baálé ti gbẹ́ ihò kékeré kan sẹ́yìnkùlé, nítòsí ibi tí wọ́n sin irun Búráímọ̀ sí. Ìbíyẹmí tú àpò rẹ̀, ó gbé ìdì aṣọ funfun méjì kalẹ̀, irun àti èékánná ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló gé ti ìyá rẹ̀. Bàbá Tàfá ló gé èkejì lára ìyàwó rẹ̀.

"Èwo ni ti ìyá ẹ níbẹ̀?" ni baálé bèèrè.

"Tiwa ni méjèèjì, Bàbá."

Baálé gbé ọkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ihò kejì.