Ohun Tó Ń Jí Mọ́tò Agbẹ̀bí

Ohun àkọ́kọ́ tí Rìwáyà ṣàkíyèsí nínú mọ́tò náà ni pé dígí ìwẹ̀yìn tó wà láàárín kọjú sí òrùlé. Ó nawọ́ kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n obìnrin tó ni mọ́tò di ọwọ́ náà mú.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Èmi kì í wẹ̀yìn tí mo bá ń wakọ̀."

Rìwáyà rẹ́rìn-ín. Iná mọ́tò ló ń tún ṣe, iṣẹ́ náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Kò sí irú oníbàárà tí kò rí rí. Eléyìí ni Màmá Agbẹ̀bí, tí ọwọ́ rẹ̀ ti gba ọmọ tó pọ̀ ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ lè rántí lọ. Ẹjọ́ tó gbé wá kò gùn: mọ́tò òun kì í sùn. Tí òun bá tì í tán, á dá jí, á sì máa jẹ bátìrì títí bátìrì á fi kú. Mẹkáníìkì kan tiẹ̀ ti pààrọ̀ odindi ọpọlọ mọ́tò náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Rìwáyà fẹ́ràn irú àìsàn yìí bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí kan ilé rẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ó lóyún, oṣù tó ń bọ̀ ni ìkúnlẹ̀ rẹ̀, Màmá yìí gan-an ló sì ti ṣèlérí láti wá gbẹ̀bí. Ọmọ àkọ́kọ́ ti bọ́ mọ́ tọkọtaya náà lọ́wọ́ torí pé ìrànlọ́wọ́ pẹ́ kó tó dé, ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Ní ọsibítù, wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo inú ìyàwó. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí, ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Ohun tó kù tí Rìwáyà ń fẹ́ kò ju mọ́tò agbẹ̀bí tí yóò dáhùn lọ́jọ́ náà lọ.

Mọ́tò ìsinsìnyí kì í kú tán tí a bá pa á. Oorun ló ń sùn. Wáyà tín-ín-rín kan wà lára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Tí ọwọ́ bá kan ilẹ̀kùn, iná á gba inú wáyà náà lọ, á sì jí ọpọlọ. Ẹni tó bá ń wá wáyà tó ń purọ́, sùúrù ni irinṣẹ́ rẹ̀: á ti gbogbo ilẹ̀kùn, á so mítà tó ń wọn iná mọ́ bátìrì, á sì jókòó jẹ́ẹ́ kí mọ́tò lè sùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Oòrùn ọ̀sán mú. Òun àti Màmá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Nọ́ńbà ojú mítà ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kó di òdo. Ló bá fò sókè. Mọ́tò ti jí. Kò pẹ́ tí fóònù Màmá dún: omi obìnrin kan ti ya. Màmá ní kí igbákejì òun sáré lọ.

"Ẹ ò rí i? Fóònù yín ló ń jí i!" Inú Rìwáyà dùn, ó rò pé iṣẹ́ ti bùṣe. Ó gbé fóònù náà lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n tún jókòó. Mọ́tò sùn. Mọ́tò jí. Ìgbà tó jí tán ni fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń dún lọ́hùn-ún: obìnrin mìíràn ti ń rọbí, Màmá sì tún rán ẹlòmíràn lọ.

Rìwáyà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tú wáyà ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tí iná ti ń wá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì. Ó ṣí inú rẹ̀ wò. Wáyà kò bó, kò dípẹtà, omi kò kàn án. Ohun tó jẹ́ kí orí rẹ̀ wú ni pé kì í ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn ti ìta ló ń fi iná ránṣẹ́. Ti inú ni, èyí tí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ máa ń fà.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "ta ló wà nínú mọ́tò yín?"

"Ṣé mo wẹ̀yìn rí ni?" Màmá gbé fóònù rẹ̀ padà sórí itan. "Mi ò ní kí o lé wọn. Ṣáà ṣe é kó má jẹ bátìrì mọ́, kí n lè máa tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wọn."

Àgbà ò ṣeé bá jiyàn. Rìwáyà já wáyà náà kúrò pátápátá, mọ́tò tún jí. Ó wá ṣoríkunkun, ó tú bátìrì, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Ká wá wo ohun tó máa jẹ báyìí."

Bátìrì wà nílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí iná òrùlé mọ́tò tàn. Ọwọ́ ilẹ̀kùn inú lápá òsì rọra fà, ilẹ̀kùn sì ṣí díẹ̀. Òórùn orí ọmọ tuntun fẹ́ jáde. Ìdí mọ́tò gbéra sókè, bó ṣe máa ń ṣe tí èrò bá sọ̀. Rìwáyà kò tíì mí tán tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún náà fi ṣí, ìdí mọ́tò sì tún gbéra.

Màmá wo fóònù rẹ̀. Fóònù kò dún. Ó yíjú sí Rìwáyà.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Oṣù tó ń bọ̀ ni, Màmá."

"Dá bátìrì padà."

Rìwáyà sáré dá a padà, ó sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Mọ́tò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá ló wakọ̀ lọ sí ilé Rìwáyà. Rìwáyà tẹjú mọ́ iwájú, nítorí ẹ̀yìn kò wù ú wò rárá.

Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n bá ìyàwó rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ mú, omi ti ya sórí aṣọ oníbàárà. Fóònù rẹ̀ wà ní yàrá kejì, kò sì lágbára àtirìn débẹ̀.

"Ta ló pè yín?" ló ń bi wọ́n láàárín ìrora. Rìwáyà sáré fẹ́ gbá a mú. Ló bá kọjú ìjà sí ọkọ rẹ̀ pé kó má fi ọwọ́ gíríìsì yẹn kan òun.

Kò pẹ́, kò jìnnà, a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Obìnrin ni, igbe rẹ̀ kún ilé. Rìwáyà jó, ó sunkún, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún un. Ẹ̀rù tó ti ń gbé inú rẹ̀ láti ìgbà ọmọ àkọ́kọ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìgbà tó padà wọ yàrá ló rí i pé Màmá Agbẹ̀bí kò tíì dìde. Ó ṣì kúnlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn ìyàwó, ó ń tẹ́tí.

"Màmá, ẹ dìde kí ẹ sinmi. Iṣẹ́ ti parí."

"Ta ló sọ fún ọ?" Ohùn Màmá kò ga, ẹ̀rín díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. "Lọ gbé omi mìíràn kaná, bàbá ọmọ. Ilẹ̀kùn méjì ló ṣí."