Ta Ló Wọ Àkáǹtì Bronte?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bronte Hocking kò lè wọ àkáǹtì géèmù rẹ̀ mọ́. Ẹnìkan ti yí pásíwọọdù padà, ó sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje àṣekágbá ní Adelaide. Ó figbe ta, ó pe ọlọ́pàá.

Ọ̀gá Merle Trevorrow, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ìlú Broken Hill ní Australia, bá a ní kíláàbù géèmù. "Ta lo fura sí?"

"Nilesh ni, ará Sydney yẹn! Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ kíláàbù sọ pé aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ àná ló ṣẹlẹ̀, níbí gan-an. Òun nìkan ló wà níbí. Àwa yòókù wà ní pápá bọ́ọ̀lù."

"Mà, mi ò jalè," ni Nilesh wí. "Lóòótọ́, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo wọlé, géèmù tèmi ni mo gbá. Tí wọ́n bá lé mi níbí, mi ò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan mọ́ nílùú yìí."

Àánú rẹ̀ ṣe Merle. Ó yíjú sí Wade Nankivell, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà.

"Ẹ̀rọ kì í parọ́," ni Wade wí. "Aago rẹ̀ ń bá ti àgbáyé mu nígbà gbogbo. Èmi ń dín sọ́séèjì ní pápá nígbà yẹn, gbogbo ìlú rí mi."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n gbá géèmù yín wò."

Kíá ló já sódò nínú géèmù náà. Nilesh pàápàá rẹ́rìn-ín. Merle ní kí Wade fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ hàn án, ó wo aago tó kọ sí géèmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, òun náà wá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ yìí fi ààbọ̀ wákàtí ṣáájú aago mi. Ìjọba tó wà ní Sydney ló ń ṣàkóso ìlú wa, ṣùgbọ́n aago Adelaide, tó fi ààbọ̀ wákàtí wà lẹ́yìn ti Sydney, là ń lò. Wade, aago Sydney lo yàn fún un. Aago mẹ́rin tiwa ni olè wọlé. Nilesh, ta lo bá níbí?"

"Wade ni. Kó tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, bí mo ṣe ń bọ̀ lókèèrè, mo rí i tó ń jáde lọ sí pápá; mi ò kà á sí, torí òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ."

"Bí Bronte ò bá lọ, ta ló máa rọ́pò rẹ̀?"

"Èmi ni," ni Wade wí. "Nígbà tí wọ́n dárúkọ Nilesh, mo kàn panu mọ́ ni."

Ó dá àkáǹtì padà fún Bronte lójú wọn, ó dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ìdíje, Merle sì ní kó máa bọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ojú ti Bronte. "Nilesh, má bínú. Torí o kì í ṣe ọmọ ibí ni mo ṣe pè ẹ́ lólè. Ṣé wàá bá mi lọ sí Adelaide, kó o jẹ́ ẹni tó lè rọ́pò mi, dípò Wade?"

"Màá lọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pe màmá mi. Láti àárọ̀ ló ti ń sunkún."

Bronte gba fóònù Nilesh, ó pe màmá rẹ̀. Ó bẹ obìnrin náà, ó tún bẹ̀ ẹ́, kò sì gbé fóònù sílẹ̀ títí ìyá fi rẹ́rìn-ín.