Ọsàn Wẹ́wẹ́ Ojú Títì

Òjò rẹ Ketaki dé awọ ara lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjò kọ́ ni ọmọ náà kọ́kọ́ sọ nígbà tó wọlé. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó ṣí akoto kúrò lórí, ó ní, "Màámi, ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn mi láti ibi ẹ̀rọ ọkà. Òjò ò pa á."

Sumedha ìyá rẹ̀ ń yan bhakri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, lórí páànù. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ó wọ aṣọ òjò nìyẹn."

"Kò wọ nǹkan kan. Ṣẹ́ẹ̀tì kakí lásán ni. Gbígbẹ ni, Màámi. Irun orí ẹ̀ gan-an gbẹ."

Ìgbà yẹn ni Sumedha tó yíjú. Kì í ṣe aṣọ gbígbẹ ló já a láyà o. Ọkùnrin tí ń tẹ̀ lé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kiri ojú títì, ìyá wo ni àyà rẹ̀ kò ní já? Ó béèrè ohun tí ọkùnrin náà bá a sọ.

"Nǹkan kan náà ló ń sọ láti ọjọ́ Ajé. Á ní, 'Má yà, ọmọ mi. Tààrà ni kó o máa lọ.'"

"Láti ọjọ́ Ajé! O wá ń jẹun nínú ilé yìí láràárọ̀ lálaalẹ́, o ò lanu sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé ẹ máa gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi ni."

Òótọ́ lọmọ náà sọ, ì bá sì gbà á. Ọkọ Sumedha ń ṣiṣẹ́ ní Mumbai, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, nítorí náà òun nìkan ló ń ṣọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ìṣọ́ náà kò sì ṣe é fẹnu sọ. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ Ketaki, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iná ẹ̀yìn, agogo, afẹ́fẹ́ táyà, kò fi ọ̀kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ pupa kékeré tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ náà ń jẹ nínú ìtọ́jú yìí, àwọn ará àdúgbò a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọkọ̀ yẹn bá lè jẹun, Sumedha á máa bu ìrẹsì fún un.

Èyí ni ìtọ́jú ohun tí ojú ń rí. Ní ti ohun tí ojú kì í rí, ọsàn wẹ́wẹ́ kan ni àti ata tútù méje, tí wọ́n fi òwú sín pọ̀. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Sumedha ń so tuntun mọ́ iwájú ọkọ̀, tí á sì ju èyí tó ti gbẹ sí oríta, láìwẹ̀yìn. Gbogbo ojú burúkú tí wọ́n fi wo ọkọ̀ náà ti wọnú ọsàn yẹn. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tàbí tí táyà rẹ̀ bá gùn ún, ló gbé ibi náà lọ sílé. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀? Láti ọjọ́ tí Ketaki ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn ni ìyá rẹ̀ ti ń kọ ọ́ sí i létí pé bó bá rí kòtò, kó rọra, bó bá rí ọsàn, kó yà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Sumedha kò tíì lọ síbi iṣẹ́ tó ti dúró síwájú Parubai, ìyá àgbà tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ọkà, lójú oríta gan-an. Parubai ti ń jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó da ọ̀dà sójú títì náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin kan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kakí, kẹ̀kẹ́ dúdú àtijọ́ ló ń gùn. Ó fi abọ́ oúnjẹ onípele kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Tíì ni Parubai ń dà nígbà náà. Ó dáwọ́ dúró. Ó rẹ iná sílẹ̀, ó sì fa ohùn wálẹ̀ pẹ̀lú.

"Ta ló rí i?"

"Ọmọ mi ni."

"Ó bá a sọ̀rọ̀?"

"Ó ní kó má yà."

Ìyá àgbà náà wá ibi kan jókòó sí. "Namdev nìyẹn. Mẹ́séńjà ni níléèwé àwọn ọmọdé tó wà létí afárá. Ó ti ń múra àtifẹ̀yìntì. Kì í mu ṣúgà sí tíì. Òjò èṣí ló kú, ibi tó o dúró sí yẹn gan-an ni, ojú mi ló ṣe." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ọkọ̀ kékeré kan ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ọkọ̀ náà ò sáré o, mi ò ní purọ́ mọ́ ẹni tó ń wà á. Namdev rí ọsàn àti ata nílẹ̀, ó yà fún un, ibi tó yà sí náà ni abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, mo wolẹ̀. Ọsàn ṣì wà níbẹ̀ ní odindi. Kò tilẹ̀ bó lára."

"Kí ló wá ń wá lọ́dọ̀ ọmọ mi?"

"Àbí kò tíì sọ ohun tó ń wá ni?" Parubai dìde, ó sì koná padà.

Ọ̀rọ̀ tó yéni ni, ẹni tí ẹ̀rù kò bà ì bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Sumedha, ó bà á gan-an. Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta pé, ó wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ Bandu tó máa ń ta ọsàn àti ata fún un. Aláwàdà ni Bandu. Bó ṣe rí ọkọ̀ pupa náà lókèèrè ló ti pariwo pé, "Àǹtí Ọkọ̀-Ń-Dán, ẹ tún ti dé! Ẹ jẹ́ kó dọ̀tí díẹ̀ ná, kí aráyé lè yọjú kúrò lára ẹ̀!"

Sumedha kò rẹ́rìn-ín. Ó ro ẹjọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwàdà sì kúrò lẹ́nu Bandu.

"Àǹtí, ẹni tó bá kú sójú ọ̀nà, ẹni tí wọ́n á jọ máa rìn ló ń wá. Ohun tó bá ní kí ọmọ yín ṣe, òdìkejì ẹ̀ ni kó ṣe. Ó ní kó má yà fún ọsàn? Háà! Ó fẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e sórí ni. Ẹ mú méjì lónìí, ẹ má mú ẹyọ kan."

Ó mú méjì. Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ Bandu fi wọ̀ ọ́ létí ju ti Parubai lọ. Ohun tí èèyàn ti gbà gbọ́ láti kékeré kì í ni ín lára láti gbọ́. Ó so méjèèjì mọ́ iwájú ọkọ̀. Bó ti ń padà bọ̀ sílé, ó yọwọ́ lójú fèrèsé ní oríta, ó ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sílẹ̀, ó sì ń lọ láìwẹ̀yìn.

Ọ̀sán ni Ketaki máa ń lọ fún ẹ̀kọ́ ìṣirò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kó tó jáde, ìyá rẹ̀ di okùn akoto mọ́ ọn lábẹ́ àgbọ̀n, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbọ́ mi. Bó bá ní kó o má yà, yà. Yà dáadáa."

"Màámi, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀."

"Àwọn ẹlẹ́bẹ̀ yẹn ló léwu jù. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Mò ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ. Kó yọjú lónìí kí n rí i."

Òjò ti dá, ṣùgbọ́n títì ṣì tutù. Òróró ọkọ̀ tó kán sílẹ̀ ń dán láwọ̀ oríṣiríṣi lójú omi. Sumedha rọra ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú. Kò rí ẹnikẹ́ni láàárín wọn. Ọmọ rẹ̀ ló ń rí, àti báàgì ẹ̀yìn rẹ̀, àti iná pupa kékeré tí òun fúnra rẹ̀ dè mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́. Síbẹ̀ Ketaki ò yéé wẹ̀yìn. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ń rí i ni, Sumedha sọ nínú ara rẹ̀. Ó ń rí i, èmi ò rí i. Ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀ díẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

Òórùn ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé gba inú ọkọ̀. Òórùn náà ṣàjèjì sí i, nítorí ojoojúmọ́ ló ń gbá inú ọkọ̀ yẹn, kò sì sí olùkọ́ nínú ilé wọn. Nǹkan kan dún kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rò pé òkúta ló ta lu abẹ́ ọkọ̀, kò yíjú wò ó. Ojú rẹ̀ wà lára Ketaki. Ó ya ọkọ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, kó lè rí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà dáadáa, bóyá ibẹ̀ ni ọkùnrin náà fara pa mọ́ sí. Kò mọ̀ pé òun ti sún mọ́ ọn jù. Sumedha tó jẹ́ pé òun ló máa ń pariwo lé awakọ̀ mìíràn lórí pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́!

Wọ́n dé oríta. Ketaki tún wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo inú ọkọ̀ ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Nígbà tó dojú kọ iwájú, ọsàn wà nílẹ̀ níwájú táyà rẹ̀. Ọsàn gbígbẹ, ata méje, òwú funfun. Ọmọ náà ṣe bí ìyá rẹ̀ ti wí. Ó yà, ó yà dáadáa, sí ọ̀tún, síwájú ọkọ̀ pupa náà.

Ẹsẹ̀ Sumedha kò tíì kúrò lórí iná. Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ títí dòní, kò yí i padà rí. Kò ráyè tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà ló dúró fúnra rẹ̀, ó dúró gbì, bí ewúrẹ́ tí okùn ọrùn rẹ̀ ti tán.

Ketaki àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣubú síwájú ọkọ̀. Nígbà tí Sumedha fi máa bọ́ sílẹ̀, ọmọ náà ti jókòó sínú omi ẹrẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó, ọsàn tuntun méjèèjì tó wà níwájú ọkọ̀ sì ń fi ara gbo èjìká rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni," ló ń sọ. "Èmi ni ǹ bá pa á. Ọsàn tí mo jù, ọkọ̀ tí mò ń wà. Yéè, èmi náà ni!"

Parubai ti sáré dé. Ó gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu orúnkún Ketaki. Ketaki kò sunkún. Ẹnu ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ló ń wò.

"Màámi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "kò sí lẹ́yìn mi lónìí. Mò ń wá a, mi ò rí i. Ẹ̀yin lẹ gbé e."

"Gbé ta ni?"

"Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

Sumedha dìde. Ó lọ síbi tí ọsàn gbígbẹ náà wà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lásán mú un. Àwọn tó dúró síbẹ̀ pariwo "Háà!" Ó já méjèèjì tó wà lára ọkọ̀ náà, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú iná Parubai, ata náà sì ń jó, ó ń ta gbogbo wọn nímú.

Lọ́rì kan ti ń fun fèrè lẹ́yìn. Sumedha wọnú ọkọ̀ láti gbé e kúrò lójú ọ̀nà, ọkọ̀ kò lọ. Ó wolẹ̀. Wọ́n ti fa bíréèkì ọwọ́ sókè dé ibi tó lè dé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò sì kúrò lórí sítíárìn láti ilé, ó mọ èyí dájú. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì ìjókòó èrò wà ní dídè. Kò sùn lé ìjókòó bí bẹ́líìtì tí kò ní èèyàn ṣe máa ń sùn. Ó yọ síwájú díẹ̀, bó ṣe máa ń yọ lára ẹni tó níkùn, ó sì ń lọ sókè sódò jẹ́jẹ́.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Parubai. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ni Ketaki ṣí, ẹ̀yìn ló jókòó sí, ìyá rẹ̀ kò sì béèrè ìdí. Ó rọ bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, ó sì ń wakọ̀ lọ sílé bí ẹni tó gbé ẹyin.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú iléèwé àwọn ọmọdé létí afárá, bẹ́líìtì náà tú. Ó dún kẹ́, ó sì ká padà sípò.

"Ó ní ibí lòun ti ń sọ̀," Ketaki wí.

Sumedha ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúró, ó fa bíréèkì ọwọ́. Ó dúró títí, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Òórùn ṣọ́ọ̀kì náà ṣì wà níbẹ̀.

"Kí ló ń dúró dè?"

"Ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn ná, bóyá oníkẹ̀kẹ́ kan ń bọ̀."

Sumedha wo dígí. Dígí nìkan kò tó o, ó yí ọrùn, ó wo ẹ̀yìn dáadáa. Títì náà dá páropáro títí dé orí afárá.

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀, bàbá," ó wí.

Ìlẹ̀kùn náà ṣí.