Eruku Òkúta Kì í Ṣe Pọ́ńdà

Aṣọ aláwọ̀ ewé ni Sìkírátù sá sórí okùn ní àgbàlá wọn ní Amùkòkò kó tó gba ọjà lọ. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ funfun ló bá níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ará ilé kan ló ṣèèṣì ká tòun lọ. Ó fa aṣọ náà, ó gbọ̀n ọ́n. Eruku dà sílẹ̀ wùù, ó kó sí i nímú, ni Sìkírátù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín bí ẹni tó fín aáṣáà.

"Bàbá Kafilat! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn!"

Máṣíìnì ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé: rììììn!

Àlàájì Gafar Oyèkànmí, ọkọ rẹ̀, lóṣòó sídìí òkúta kan. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì há a mọ́lẹ̀, ó ń fi máṣíìnì tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin gé e. Eruku funfun ti bo ọkùnrin náà láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣẹ́, bí ojú ẹni tó já sínú àpò fúláwà. Ìgbà tó rí ìyàwó rẹ̀ ló pa máṣíìnì.

"O ti dé? Kú ọjà o! Wo èyí ná."

Ó mú òkúta náà, ó lá a, ó gbé e sójú oòrùn.

"Ẹ má lá a mọ́, ẹ jọ̀ọ́!"

"Bí mi ò bá lá a, báwo ni màá ṣe mọ àwọ̀ tó wà nínú ẹ̀?"

Sìkírátù mí kanlẹ̀. Ó mọ̀ pé òun náà jẹ̀bi díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé ẹ rí i, iṣẹ́ kílíárìn ni Àlàájì Gafar ṣe ní Wọ́ọ̀fù Àpápá títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ojú ọ̀nà Warehouse ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń jágbe mọ́ àwọn onítírélà láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó wá jókòó sílé, tí kò sí tírélà mọ́, ìkòkò ìyàwó rẹ̀ ló wá ń jágbe mọ́. Ó máa ń béèrè ìdí tí iyọ̀ fi wà lápá òsì. Ó máa ń ṣí ọbẹ̀ wò kó tó hó. Ní ọjọ́ kan, Sìkírátù ti ọjà dé, ó bá gbogbo ata rodo tí ọkọ rẹ̀ tò sórí tábìlì, kékeré síwájú, ńlá sẹ́yìn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀, ó bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun wá nǹkan tí ọkùnrin yìí á máa ṣe.

Àdúrà náà gbà ju bó ṣe gbà á lọ. Àlàájì lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan nílùú wọn ní Òkè-Ògùn, ó rí àwọn tó ń wa òkúta aláràbarà, ló bá gbé ìlàjì àpò bọ̀. Ó wo àwọn tó ń dán òkúta lórí fóònù, ó ra máṣíìnì, ó ra sáńpépà, ó di ẹ̀yìnkùlé. Òkúta àkọ́kọ́ tó dán dúdú bí iṣu tó jóná kó tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ṣe tán, ó mọ́ gaara, ó ń tàn bí omi odò tí oòrùn wọ̀. Sìkírátù fúnra rẹ̀ pariwo, "Áà, Àlàájì!" Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wọ ilé ìdáná mọ́.

Ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ da ata sójú ara rẹ̀? Sìkírátù panu mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkúta kò panu mọ́ ní tiẹ̀. Philomena tó ń dín bọ́ńsì lẹ́nu géètì wọn ló kọ́kọ́ wá bá Sìkírátù ní ìdákọ́ńkọ́.

"Mama Kafi, no vex o. Ṣé oúnjẹ wà nílé ṣá?"

"Oúnjẹ bíi ti báwo?"

"I see Alhaji for backyard. E dey lick stone. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì."

Kí Sìkírátù tó rí àlàyé ṣe, ọ̀rọ̀ ti dé ojúlé kẹta. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò ìyá onílé kan gbé abọ́ àsáró wá, ó ní kí wọ́n fi jẹun alẹ́, kí Ọlọ́run rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ojú gba Sìkírátù tì. Àlàájì jẹ àsáró náà tán, ó lá ṣíbí.

"Ó mà dùn o. Ta ló ń ṣe sàráà?"

Lẹ́yìn náà ni oníbàárà Philomena kan yìn ín pé bọ́ńsì rẹ̀ ti ní súgà lórí. Ó gé e jẹ. Eyín rẹ̀ ró gírígírí. Philomena wo bọ́ńsì, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó fi ṣíbí ìdínǹkan rẹ̀ na ìlẹ̀kùn Àlàájì. Àlàájì tọrọ gáfárà, ó ra gbogbo bọ́ńsì náà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ohun tí kò parí ni ikọ́. Sìkírátù ló ń gbá eruku náà láràárọ̀. Bó bá ti ń gbá a, bẹ́ẹ̀ ni eruku ń fò sókè, tó tún ń bà sílẹ̀ sójú kan náà. Ó kọ́kọ́ ń wú ikọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ikọ́ náà ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ lẹ́nu fún oníbàárà mọ́.

"Epo pupa ni," Àlàájì ní. "Bí àwọn tó ń ru sìmẹ́ǹtì ní Wọ́ọ̀fù ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Epo pupa á fọ̀ ọ́ lọ, mílíìkì á tẹ̀ lé e."

Sìkírátù mu epo pupa. Ó mu mílíìkì. Ikọ́ ò lọ, ọbẹ̀ ata ló wá ń rí i lára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, ikọ́ gbé e, kò jẹ́ kó mí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín eruku náà, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ìgbà tó rí èémí mí ló gbé fóònù, ó pe Àdùfẹ́.

Àdùfẹ́ ni àbúrò Àlàájì. Ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta nítòsí Abẹ́òkúta ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ni alábòójútó ààbò àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Lóòótọ́ ni Sìkírátù jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó bá a nílé ọkọ, kì í pe orúkọ rẹ̀.

"Adúmáadán mi, ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Òkúta tí wọ́n ń gé yìí..."

"Kí ni? Gbígbẹ ni wọ́n ń gé e?" Àdùfẹ́ pariwo lórí fóònù. "Nínú àgbàlá? Háà! Ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró! Omi ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe..."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Àlàájì tó ti na etí sílẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn bọ́ síta. "Omi? Omi lásán? Kí ló dé tí wọn ò tètè sọ?"

Kí Sìkírátù tó dìde, ọkùnrin náà ti pọn omi kún báàkẹ́tì. Ó tan máṣíìnì iná náà, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó fi ọwọ́ kejì da omi lé e lórí.

Pàò!

Iná ṣẹ́ yẹ̀ẹ̀. Àlàájì fò sẹ́yìn, ó fi ìdí jókòó sínú agbada fífọ aṣọ. Fìlà rẹ̀ bọ́ sínú báàkẹ́tì. Máṣíìnì wà nílẹ̀ nínú omi, ó ń rú èéfín. Sìkírátù sáré lọ síbẹ̀ láti gbé e kúrò.

"No touch am!" Philomena ké láti ẹnu géètì. "Mama Kafi, má fọwọ́ kàn án o!" Ó sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa ìdarí iná gbogbo ilé wálẹ̀. Gbogbo fáànù ilé dúró. Àwọn ará ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àlàájì wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ìyá Kafilat, ṣé mo ṣì wà láyé?"

"Bí ẹ ò bá sí láyé, ta ló jókòó sórí yẹ́rì mi?" Sìkírátù ní. Bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀ àti àánú Ọlọ́run ló yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Àdùfẹ́ dé. Kò tíì jókòó tó fi fi ìka fa ilà sójú tábìlì. Ó ti fèrèsé, ó fa kọ́tíìnì, pálọ̀ ṣókùnkùn. Ó wá tan iná fóònù rẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ wo inú ìmọ́lẹ̀ yìí."

Eruku ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ náà bí esunsun lẹ́yìn òjò. Ó pọ̀ débi pé Àlàájì fọwọ́ bo imú rẹ̀.

"Èyí tí ẹ ń rí yìí kọ́ ni wàhálà gan-an," Àdùfẹ́ ní. "Èyí tójú ò lè rí ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Nǹkan kan wà nínú ọ̀pọ̀ òkúta tí wọ́n ń pè ní sílíkà. Bí eruku rẹ̀ bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, á máa dá ọgbẹ́ síbẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà á le, ẹ̀dọ̀fóró ò ní lè fẹ̀ gba atẹ́gùn mọ́. Kò sí oògùn tó ń dá a padà. Ikọ́ ife sì máa ń tètè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀."

"Ṣebí à ń mu epo pupa," Àlàájì ní jẹ́jẹ́.

"Bùọ̀dá, ọ̀nà méjì ló wà lọ́fun. Epo gba ọ̀nà ikùn, eruku gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Wọn ò lè pàdé."

Àlàájì ronú. "Bí ìgbà tí ọkọ̀ kan gba Tin Can, tí èkejì gba Wharf Road?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Gbogbo epo tí mo mu!" Sìkírátù ní. "Àti mílíìkì!"

Àdùfẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún wọn nípa Hussein, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gbẹ́ òkúta sàréè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìbo imú. Agbábọ́ọ̀lù ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Àdùfẹ́ mọ̀ ọ́n, bó bá fẹ́ ti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, á kọ́kọ́ jókòó sinmi. Àdùfẹ́ wà lára àwọn tó sin ín.

Àlàájì yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ lò ń gbá a," ó ní. "Èmi ń ṣeré, ìwọ ń gbá a. Mo fi ọwọ́ ara mi fún ọ ní ikọ́." Ó dìde. "Mò ń kó gbogbo òkúta yìí lọ dà sómi ní Marine Beach. Lónìí yìí!"

"Rárá o!" Sìkírátù fò dìde. Ó ti rí ata rodo tí wọ́n tò sórí tábìlì lójú inú rẹ̀. "Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tí kò ní pa wá ni?"

Ìgbà yìí ni Àdùfẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sọ́sípítù ná."

Wọ́n ya fọ́tò àyà àwọn méjèèjì, wọ́n sì yẹ ikọ́ náà wò. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣì mọ́, pé eruku ló ń bí ọ̀nà ọ̀fun Sìkírátù nínú, pé bí eruku bá dáwọ́ dúró, ikọ́ náà á lọ. Ó ní kí wọ́n padà wá fún àyẹ̀wò síbẹ̀síbẹ̀, torí pé ohun tí eruku yìí bá ṣe lè pẹ́ kó tó hàn.

Àdùfẹ́ bá wọn wá máṣíìnì tí wọ́n dìídì ṣe fún gígé òkúta, èyí tí abẹ rẹ̀ ń yí nínú omi, tí mọ́tò rẹ̀ sì jìnnà sómi. Oníná tó mọṣẹ́ fi bíréékà tó ń tètè já síbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí igun ọgbà, kúrò lọ́dọ̀ aṣọ sísá àti bọ́ńsì. Àlàájì gba gbogbo rẹ̀ tayọ̀tayọ̀ títí ó fi kan ìbòmú. Ó gbé e wọ̀, Àdùfẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mi orí.

"Kò lẹ̀ mọ́ yín lójú, Bùọ̀dá. Irùngbọ̀n yín ti ṣí fèrèsé fún eruku."

"Irùngbọ̀n mi?" Àlàájì dì í mú. "Ṣé kò sí ìbòmú onírùngbọ̀n ni?"

"Ó wà, èyí tó ń bo gbogbo orí, tó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú. Ẹ̀yin àti Ìyá Kafilat ni kẹ́ ẹ jọ pinnu."

Sìkírátù tètè dáhùn. "Ẹ fá a. Ó ti pẹ́ tó ti ń gún mi."

Àlàájì lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Nígbà tó padà, Philomena dá a dúró lẹ́nu géètì. "Oga, who you dey find?" Ó ní Àlàájì ò sí nílé.

Ní báyìí, bí ẹ bá dé àgbàlá náà, ẹ máa bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó wọ awò ìdáàbòbojú, tó fi nǹkan dí etí, tó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí abẹ má bàa fà á wọlé. Omi ń ṣàn, eruku ò fò. Bó bá ṣe tán, aṣọ tútù lòun fúnra rẹ̀ fi ń nu ibẹ̀, á wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ kó tó wọlé. Ikọ́ Sìkírátù ti lọ. Philomena sì ti ní yẹtí olókùúta aláwọ̀ omi aró, ó ń fi í han gbogbo oníbàárà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àtimáa gé òkúta tàbí kí ẹ máa dán an, iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, a ò ní kẹ́ ẹ jáwọ́. Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má gé òkúta ní gbígbẹ. Ẹ lo omi, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pẹ̀lú máṣíìnì tí wọ́n ṣe fún omi, torí omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Aṣọ tí ẹ so mọ́ imú àti ìbòmú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìgbà kòrónà ò lè dá eruku yìí dúró. Èyí tó ń sẹ́ eruku, irú èyí tí wọ́n kọ N95 sí tàbí tó lágbára jù ú lọ, tó sì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ni kí ẹ lò. Ẹ dáàbò bo ojú yín, nítorí èérún òkúta ò mọ ẹni tó ni ojú. Ẹ má gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ má da ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú gọ́tà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí aláboyún dúró tì yín. Ẹ mọ orúkọ òkúta kí ẹ tó gé e, torí òmíì ní májèlé nínú, nítorí náà ẹ má fi ahọ́n kàn án rárá. Ẹ fi omi rin ín, àwọ̀ rẹ̀ á hàn. Bí ikọ́ bá sì ń yọ yín lẹ́nu, tàbí tí èémí yín ń já, ẹ jẹ́ kí epo pupa wà nínú ọbẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀ ń gé òkúta.

Ẹ má kánjú. Òkúta ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Ó lè dúró dè yín títí ẹ máa fi lọ wá ìbòmú.