Ẹni Tí A Wá Tọrọ

Òjò ti ṣú ní Ifo láàárọ̀ ọjọ́ tí Kúlúsúmù kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin gíga kan ń bọ̀ lẹ́bàá títì, ó wọ ẹ̀wù funfun, ó so táì mọ́ ọrùn, ó sì fi ọwọ́ kan gbá ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mú bí ẹni tí ó di adìẹ mú. Bí ó bá rìn díẹ̀, á dúró, á fà á sókè. Kúlúsúmù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń wò ó títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá aránṣọ. Ṣòkòtò yìí fẹ́ dójú tì mí."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé òun ló tóbi ni, àbí ẹ̀yin lẹ kéré?"

Ọkùnrin náà rò ó díẹ̀. "Èmi ni mo kéré."

Kúlúsúmù ti múra láti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àga sílẹ̀ fún un.

Olúsànyà ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ṣe máníjà báńkì nílùú náà rí, kò sì sí ọlọ́jà àtijọ́ kan ní Ifo tí kò tíì jókòó níwájú tábìlì rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àìsàn ẹ̀dọ̀ sì ń gba ẹran ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Táì nìkan ni kò tíì jọ̀wọ́. Kúlúsúmù náà ti di opó láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀, Mùízz, wà ní kékeré.

Ó gba ìbàdí ṣòkòtò náà wọlé. Lọ́sẹ̀ kejì, Olúsànyà gbé òmíràn wá. Lẹ́yìn náà, ó tún gbé òmíràn wá. Nígbà tí ṣòkòtò tán nílé, ó gbé kọ́tìnì dé.

"Máníjà, ṣé kọ́tìnì náà rù ni?"

"Ó rù díẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ jókòó jàre. Àga mi ò béèrè kọ́tìnì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òfo ni ó fi ń wá. Á ka ìwé ìròyìn sókè, Kúlúsúmù á máa ránṣọ. Iṣẹ́ báńkì ti kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ fèsì ọ̀rọ̀ kan lójú ẹsẹ̀. Bí Kúlúsúmù bá bi í bóyá ìrẹsì ni yóò jẹ tàbí ẹ̀wà, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná." Oúnjẹ á sì tutù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Kúlúsúmù bi í pé, "Kí lẹ tiẹ̀ ń wá níbí lójoojúmọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná." Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kúlúsúmù bá a lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì ṣí.

"Ìwọ ni, Kúlú," ó ní. "Ìwọ ni mò ń wá."

Títí di ọjọ́ náà, kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kúlúsúmù wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mọ́láyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Olúsànyà bí, obìnrin ni, Mowe ló sì ń gbé. Nígbà tí ó gbọ́ pé bàbá òun fẹ́ fẹ́ Kúlúsúmù, ó ní, "Dádì, ṣé Mùsùlùmí ló wá kàn? Kí ni mo fẹ́ sọ fún pásítọ̀?" Kò pẹ́ tí àìsàn náà fi le sí i, ó sì wá gbé bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò fi ìkà ṣe é. Ilé ìwòsàn wà nítòsí rẹ̀, ó sì ń ṣìkẹ́ bàbá rẹ̀.

Kúlúsúmù wọ mọ́tò lé mọ́tò láti lọ kí i. Mọ́láyọ̀ gbé omi fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ní, "Ẹ ṣeun, mà. Oníbàárà dádì ní báńkì ni yín, àbí?"

Nígbà tí ó ku àwọn méjèèjì, Olúsànyà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́ ká lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ká fọwọ́ síwèé. Kò ní pẹ́ rárá."

"Rárá o, Máníjà. Mi ò ní gba ojú fèrèsé wọlé mọ́. Ọkọ mi àkọ́kọ́, mo kàn bá a lọ ni, kò sẹ́ni tó wá tọrọ mi. Lọ́jọ́ tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ní ta ló mọ̀ mí. Òkèèrè ni mo dúró sí tí wọ́n fi sin ín."

"Àwọn àgbà ilé mi ti kú tán, Kúlú. Mọ́láyọ̀ nìkan ló kù."

"Kí Mọ́láyọ̀ wá nígbà náà."

"Ọmọ kì í tọrọ ìyàwó fún bàbá rẹ̀."

"Ẹ bi í ná."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ pé òun yóò rò ó wò. Ó mọ̀ pé àyè ìrònú kò sí mọ́.

Kúlúsúmù padà sí Ifo, ó ń dúró. Ẹ̀rù ń bà á pé ìgbéraga òun ni yóò pa òun lẹ́kún, síbẹ̀ kò lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Yínúsà, tí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ibafo, ló pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. "Máa bọ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀ sí pálọ̀ mi láti àárọ̀, kò gbà láti dìde."

Iṣu àti oyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́láyọ̀ nígbà tí Kúlúsúmù dé. Yínúsà ti búra tẹ́lẹ̀ pé alfáà kankan kò ní so irú yìgì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kúnlẹ̀ ti borí ìbúra. Yínúsà gúnwà bí bàbá ìyàwó.

"Ta lẹ wá fẹ́ ọmọ wa fún?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Ṣé ó ti dàgbà tó ẹni tí ń láya?"

"Ó ti dàgbà tó, sà."

"Ṣé ó níṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Ó ti ṣe é tán, sà."

"Kò mà ní máa lu ọmọ wa?"

Mọ́láyọ̀ tẹrí ba. "Kò lágbára ẹ̀ mọ́, sà." Ó yíjú sí Kúlúsúmù. "Dádì ò so táì mọ́, mà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní kò sẹ́ni táwọn ń retí."

Kúlúsúmù gbé e dìde.

Ní pálọ̀ Mọ́láyọ̀ ní Mowe ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó náà. Yínúsà ka Fátíhà, Mọ́láyọ̀ sọ oore-ọ̀fẹ́, àwọn méjèèjì sì ṣe àmín fún ara wọn.

"Kúlú, o ti dé?" ni Olúsànyà bi í.

"Mo ti dé."

"Ẹnu ọ̀nà lo gbà?"

"Ẹnu ọ̀nà ni, olówó orí mi."

Olúsànyà kú kí ọyẹ́ ọdún náà tó kásẹ̀. Kúlúsúmù ló ń fún un lómi mu nígbà tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní Ifo ni wọ́n ti sin ín. Nígbà tí àgbà ìjọ kan rí ìborùn Kúlúsúmù, ó fi ọwọ́ júwe ẹ̀yìn fún un, níbi tí àwọn abánikẹ́dùn dúró sí. Kúlúsúmù yí padà láìjiyàn. Mọ́láyọ̀ ló kúrò ní iwájú wá dì í lọ́wọ́ mú.

"Ta ni wọ́n?" ni àgbà ìjọ náà bi í.

"Ìyàwó bàbá mi ni wọ́n, sà. Èmi ni mo lọ tọrọ wọn."

Kúlúsúmù dúró létí kòtò náà títí iyẹ̀pẹ̀ fi kún un. Kò sẹ́ni tó ní kó sún sẹ́yìn.