Ẹ̀wù Oyè Tí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ Tú

"Ẹ na apá yín dáadáa, sà," ni Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ wí, ó sì na téèpù láti èjìká ọkùnrin náà dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkùnrin yìí. Yunifásítì aládàáni kan ló gbé iṣẹ́ ẹ̀wù oyè fún màmá Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, tó jẹ́ aránṣọ. Nínú ogójì ènìyàn tí yóò gba oyè ìmọ̀ okòwò, awakọ̀ yìí nìkan ló wá fún ìwọ̀n. Nígbà tó kù díẹ̀ kó máa lọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ibo gan-an ni yunifásítì yẹn wà? N kò fẹ́ pẹ́ dé lọ́jọ́ Sátidé tí a máa gboyè."

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó júwe ọ̀nà fún un. Màmá tẹrí mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀kan. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tún ìdánwò náà ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọ yunifásítì, wọ́n sì ń pè é ní "Alága Kíláàsì" torí pé òun nìkan ló ṣẹ́kù síbẹ̀. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé yunifásítì náà mú ìwọ̀n àwọn mọ́kàndínlógójì tó kù wá lórí ìwé pélébé kan. Màmá ti lọ ra òwú. Akọ̀wé rí ìwé ìṣirò lórí tábìlì, ó bi Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ léèrè ọ̀rọ̀, ọmọ náà sì sọ bí òun ṣe fìdí rẹmi fún un.

"Àbúrò, kí lo ń dara rẹ láàmú fún? Àyè ẹnì kan ṣì wà nínú ìwé àwọn tó ń gboyè. Rán ẹ̀wù tìrẹ mọ́ tiwọn. Ìwọ ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn èèyàn yìí kò yọjú."

Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ìwọ̀n ṣọ́ọ̀bù, ó gé aṣọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé ẹ̀wù náà wọ̀ níwájú dígí. Ó ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún, ni màmá bá wọlé.

Màmá kò pariwo. Ó jókòó, ó gbọ́ àlàyé dópin.

"Bí mo bá fa ṣọ́ọ̀bù yìí lé ọ lọ́wọ́ lọ́la, yáàdì mélòó lo máa rà fún ogójì ẹ̀wù, tí aṣọ kò ní ṣòfò?"

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ fi ìka ṣírò, ó dàrú mọ́ ọn lójú. Kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀wù náà bá èjìká rẹ mu, ọmọ mi. Orí ńkọ́?"

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ bọ́ ẹ̀wù náà. Ó fi abẹ tú gbogbo ojú òwú rẹ̀, ó sì fa ìlà lé orúkọ rẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé padà wá, màmá ní àwọn kì í ránṣọ fún ẹni tí àwọn kò rí. Inú bí akọ̀wé, ó kó iṣẹ́ náà lọ fún aránṣọ mìíràn. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀rí àti aṣọ ọmọléèwé ni wọ́n ń rán. Bí màmá bá ti ń gé aṣọ, á ní kí Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ṣírò yáàdì tó kù. Bí ó bá ṣì í, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, á tún un ṣe. Báyìí ló ṣe wọ gbọ̀ngàn ìdánwò láìfòyà.

Kò pẹ́ tí rédíò fi kéde pé wọ́n fẹ̀sùn kan yunifásítì náà pé ó ń ta oyè ìmọ̀ okòwò. Obìnrin kan láti iléeṣẹ́ ìjọba wá béèrè ìwé ìwọ̀n. Ó ní awakọ̀ kan ti jẹ́wọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun dé ọgbà náà, ọjọ́ tí òun lọ gba ìwé ẹ̀rí. Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ fúnra rẹ̀ ṣí ojú ewé náà, ó nàka sí orúkọ rẹ̀ tí a fàlà lé, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Obìnrin náà fàmì sí ojú ewé náà.

"O ṣeun tó o sọ ọ́," ló wí, ó sì ń kọ̀wé lọ.

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́ yege nínú ìṣirò. Ó ti wà ní ọdún kìíní báyìí ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Iwájú ló máa ń jókòó sí, á sì nawọ́ sókè béèrè ohun tí kò yé e, ojú kì í tì í. Ohun tí a kò jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹlòmíràn lè bá yín tẹ ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá yín mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.